Àgbo àti fítámì lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn jẹjẹrẹ ọmọdé: èyí tó lè bá a rìn àti èyí tó ń bà á jẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 6, ló ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ALL. Oṣù 11 rèé tó ti ń gba ìtọ́jú. Ó ń lo mercaptopurine lálaalẹ́, methotrexate lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń fún un ní abẹ́rẹ́ vincristine lóṣooṣù. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá gbé ìgò àgbo kan àti ike fítámì kan wá, ó ní ká dá oògùn ilé ìwòsàn dúró fún ọjọ́ 21 kí ara ọmọ lè sinmi. Mi ò tíì dá a dúró, ṣùgbọ́n mo ti fún un ní àgbo àti fítámì náà fún ọjọ́ 4. Mi ò sọ fún dókítà rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má bínú sí mi. Ṣé ewé lásán lè ṣe ọmọ ní jàǹbá? Ṣé kò sì sí nǹkan kan témi náà lè ṣe fún un ju pé kí n máa kó oògùn sí i lẹ́nu lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àìsùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tí kò ṣeé fi falẹ̀. Ẹ má dá oògùn ilé ìwòsàn dúró, ì báà ṣe fún alẹ́ ọjọ́ kan. Àgbo àti fítámì ni kí ẹ dá dúró lálẹ́ òní, ṣùgbọ́n ẹ má dà wọ́n nù, wọ́n ṣì máa wúlò. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú ọmọ yín, kí ẹ sọ ohun tó mu àti iye ọjọ́ tó fi mu ún. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tó 38 lórí tẹmómítà báyìí, tàbí tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, tàbí tó ń bì láìdábọ̀, tàbí tí àmì pupa wínníwínní ń yọ sí i lára, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́ rárá.

Nínú iṣẹ́ yìí, ohun méjì tí gbogbo ayé ń pè ní orúkọ kan ni a máa ń yà sọ́tọ̀. Ohun tí ọmọ ń lò pẹ̀lú oògùn ilé ìwòsàn kí ara lè tù ú, àfikún ìtọ́jú nìyẹn. Ohun tó ń lò dípò oògùn náà, àfidípò nìyẹn. Ìgò tí ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ gbé wá, àfikún ni. Ọjọ́ 21 tó gbé lé e lórí, àfidípò ni. Lórí èkejì yìí, kò sí àríyànjiyàn láàárín àwa tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Àfikún ló ń gba ìrònú, torí òmíràn dára, òmíràn kò ṣe nǹkan kan, òmíràn sì ń ba iṣẹ́ oògùn jẹ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ọ̀rọ̀ “ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti mọ́” yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ òbí lọ́nà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí àrùn náà, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó wà lára ọmọ kan lè tó tírílíọ̀nù kan. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan ìtọ́jú, maikirosikóòpù kì í rí wọn mọ́, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí jẹun, á máa sáré kiri, wọ́n á sì ní ẹ̀jẹ̀ ti mọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tó tó bílíọ̀nù 10 ṣì lè fara pamọ́ sínú mùdùnmúdùn egungun kí maikirosikóòpù má rí wọn. Ẹni tó ro oko tí ilẹ̀ wá pọ́n rekete mọ̀ pé gbòǹgbò èpò ṣì wà nísàlẹ̀. Gbòǹgbò yẹn ni mercaptopurine alaalẹ́ àti methotrexate ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ń wá kiri, ìdí sì nìyẹn tí ìtọ́jú àrùn yìí fi ń gba ọdún 2 sí 3. Níbi tí wọ́n bá ti lè ṣe ìtọ́jú náà parí bó ṣe yẹ, nǹkan bí ọmọ 9 nínú 10 ló ń yè é.

Ìwádìí kan jáde ní 2012 tí wọ́n ti fi ìdérí pàtàkì sórí ike mercaptopurine àwọn ọmọ, ìdérí tó ń ka gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí ike náà. Àwọn ọmọ tí kò lo tó ìdá 95 nínú 100 ohun tí wọ́n kọ fún wọn ni àrùn náà padà sí lára jù. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: nínú oṣù ọlọ́jọ́ 30, ìdá 5 tó kù yẹn kò ju alẹ́ kan tàbí méjì lọ. Ọjọ́ 21 wá ńkọ́?

Ìsinmi tí ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ ń sọ, ó wà lóòótọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, àwọn dókítà fúnra wọn máa ń dín oògùn kù tàbí kí wọ́n dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ tí ìsinmi náà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Ìsinmi tí a fi ojú lásán dá, ọwọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ló ń bọ́ sí.

Ẹ bi mí bóyá ewé lásán lè ṣe jàǹbá. Ewé ni vincristine tí wọ́n ń fún ọmọ yín. Inú ewéko kan tó ń so òdòdó, tí wọ́n ń pè ní periwinkle, ni wọ́n ti fà á yọ, wọ́n sì fọwọ́ sí lílò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1963. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń fún ọmọ jẹ́ mílígíráàmù 1.5 fún mítà onígun mẹ́rin kan nínú fífẹ̀ awọ ara rẹ̀, kì í sì í ju mílígíráàmù 2 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, bó ti wù kí ọmọ náà tóbi tó. Oògùn yìí kan náà, bí wọ́n bá ṣèèṣì fún un sínú ọ̀pá ẹ̀yìn dípò iṣan, pípa ló ń pani. Ewé tó lágbára láti wo jẹjẹrẹ lágbára láti ṣe jàǹbá. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí inú ìgò tó wà nílé yín ni pé àwọn tó ń fún un mọ orúkọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀ dé mílígíráàmù, wọ́n sì mọ ibi tó máa ń gbà bà nǹkan jẹ́ kó tó bà á jẹ́.

Ike fítámì yẹn ló bà mí lẹ́rù ju àgbo lọ, ó ṣeé ṣe kó yà yín lẹ́nu. Ẹ gbé e síbi iná, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí folic acid, folate, methylfolate tàbí vitamin B9, ẹ ti rí ọ̀tá methotrexate. Methotrexate ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nípa pé ó ń dí wọn lọ́wọ́ láti lo folate, èyí tí sẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ pọ̀ sí i kò lè ṣe láìní. Ẹni tó bá ń gbé methotrexate mì tó tún ń gbé folic acid tẹ̀lé e ń fi ọwọ́ ọ̀tún ti ilẹ̀kùn, ó ń fi ọwọ́ òsì ṣí i. Ìtàn ìṣègùn ti rí èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940, Sidney Farber, dókítà kan ní Boston, ṣàkíyèsí pé folic acid ń mú kí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé yára sí i. Ó wá lo aminopterin, oògùn tó ń dojú ìjà kọ folate, fún ọmọ 16. Àrùn náà fà sẹ́yìn lára 10 nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ni, ó sì tẹ èyí jáde ní 1948. Methotrexate ọmọ yín, àbúrò aminopterin yẹn ni.

Mi ò sọ pé kí ẹ máa ka folate inú oúnjẹ rẹ̀ o. Kí ó máa jẹun. Hóró àti omi fítámì tí folate pọ̀ nínú rẹ̀ ni mò ń bá wí. Ẹ sì lè gbọ́ pé àwọn dókítà máa ń fún ọmọ ní leucovorin, tóun náà jẹ́ ẹbí folate. Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn methotrexate ńlá tó ń gba inú iṣan, ní wákàtí tí wọ́n ti kà sílẹ̀, kí ara tó dára lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aago ló ń darí ìyẹn.

Fítámì mìíràn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ọmọ tó ní neuroblastoma, irú jẹjẹrẹ ọmọdé mìíràn, tó ń lo oògùn isotretinoin kò gbọdọ̀ gba vitamin A kún un, torí ẹbí vitamin A ni oògùn náà, méjèèjì á para pọ̀ di májèlé: awọ á máa bó, orí á máa fọ́ ọ. Vitamin D tó bá pọ̀ jù ń gbé calcium inú ẹ̀jẹ̀ ga, ó sì ń dá kídìnrín lágara. Ó dára kí ọmọ gba fítámì tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó kù díẹ̀ fún un. Èyí tí a ń kó fún un torí pé “kò lè ṣe nǹkan kan” ni mò ń kọ̀.

Ní ti àgbo, ibi tó ti sábà máa ń dà rú ni ẹ̀dọ̀. Enzyme kan wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ìfun tó ń jẹ́ CYP3A4, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fọ́ oògùn sí wẹ́wẹ́ kí ara lè tì í síta. Ẹ kà á sí oníbodè. Ewé kan lè ta oníbodè náà jí kó máa lé oògùn jáde kí oògùn tó ṣiṣẹ́. Òmíràn lè kùn ún lóorun kí oògùn kó jọ sínú ara. St John's wort, tí wọ́n ń tà fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, jẹ́ ti àkọ́kọ́. Nínú ìwádìí kan ní 2002 lára àgbàlagbà tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ irinotecan, ó dín apá tó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú oògùn náà kù ní ìdá 42 nínú 100. Lẹ́yìn tí èèyàn bá sì ti jáwọ́ nínú rẹ̀, ipa rẹ̀ ṣì lè wà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Goldenseal, ewé mìíràn, jẹ́ ti èkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni omi èso grapefruit fún àwọn oògùn kan tí à ń gbé mì. Vincristine gba ọwọ́ oníbodè yìí kọjá. Bó bá pẹ́ jù nínú ara, iṣan ìmọ̀lára (nerve) ọmọ ló ń jìyà rẹ̀: inú á lè fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, àgbọ̀n á máa dùn ún, iwájú ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀ bó bá ń rìn, á máa kọsẹ̀ níbi tí kò sí òkúta. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ sọ ọ́, yálà ó mu àgbo tàbí kò mu ún.

Àwọn èèpo igi kan tún wà, bíi ti willow, tí wọ́n ní salicin nínú, ẹbí aspirin. Wọ́n ń dí kídìnrín lọ́wọ́ láti lé methotrexate jáde, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Áyù àti ginkgo inú kápúsù náà ń ṣe ti ẹ̀jẹ̀ yìí. (Áyù inú ọbẹ̀ kò ní ẹjọ́.) Comfrey àti àwọn ewé mìíràn tó ní pyrrolizidine nínú ń dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú ẹ̀dọ̀. Oògùn jẹjẹrẹ kan náà lè ṣe èyí fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ̀dọ̀ tó ti ń ru ẹrù kan ni wọ́n tún di ẹrù kejì lé.

Ohun tí kò sí nínú orúkọ ewé náà ṣùgbọ́n tó wà nínú ìgò tún ńkọ́? Ewé tí wọ́n sá tàbí tí wọ́n lọ̀ máa ń ní èèhù nínú, èyí tí ara tó le lè borí, àmọ́ tó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ ń kó ọtí sí ọmọ tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ráyè ọtí. Ní 2008, àwọn olùwádìí ra 193 oògùn ìbílẹ̀ Íńdíà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì rí òjé, mẹ́kúrì tàbí arsenic nínú bí ìkan nínú márùn-ún wọn. Kì í ṣe Íńdíà nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Oògùn ibẹ̀ ni wọ́n kàn yẹ̀ wò.

Bí ẹlòmíràn bá ń ka èyí tó jẹ́ pé àìsàn ọmọ tirẹ̀ yàtọ̀, ìbéèrè kan náà ni kó béèrè, ìdáhùn ló máa yí padà. Ọmọ tí kídìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa kò gbọdọ̀ súnmọ́ ewé aristolochia, tó ti ba kídìnrín ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù ní àwọn ọdún 1990 nínú oògùn tí wọ́n fi ń dín sísanra kù. Kò sì gbọdọ̀ jẹ èso carambola, tó lè mú kí gìrì gbé e. Ọmọ tó ń lo digoxin fún ọkàn kò gbọdọ̀ lo licorice, torí ó ń fa potassium sílẹ̀, ọkàn á sì máa lù ségesège. Ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀yà ara ẹlòmíràn sí lára kò gbọdọ̀ lo St John's wort: ó ń dín cyclosporine, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ ẹ̀yà náà, kù títí ara á fi kọ̀ ọ́. Fún wárápá, cannabidiol tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2018 fún irú wárápá líle méjì jẹ́ oògùn tí wọ́n ń wọ̀n, tí wọ́n sì ń fi àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ ṣọ́, pàápàá bí ọmọ bá tún ń lo valproate, oògùn wárápá mìíràn. Òróró tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lórí àtẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta wà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ̀ fún ọmọ yín, ẹni yòówù kó gbé e wá. Èkíní ni ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ rọ sí i nídìí, ì báà jẹ́ omi kọfí, omi ewé tàbí omi lásán. Bí neutrophil, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá kòkòrò jà, bá wà lábẹ́ 500, awọ inú ìdí tó bẹ́ díẹ̀ tó fún kòkòrò láti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí kan náà ni a kì í fi ki tẹmómítà bọ ọmọ bẹ́ẹ̀ nídìí. Èkejì ni ohunkóhun tó bá máa gé awọ ara. Ẹ̀kẹta ni bákítéríà ààyè inú kápúsù, èyí tí wọ́n ń pè ní probiotics, pàápàá fún ọmọ tó ní rọ́bà inú iṣan àyà tí wọ́n ń gba ibẹ̀ fún un lóògùn. Àwọn bákítéríà rere yìí ti di àkóràn inú ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọ tí ara wọn kò le. Mo ní láti fi kóró èso apricot àti laetrile kún un, torí orúkọ wọn ń padà wá ní gbogbo ìgbà: cyanide ló ń jáde nínú wọn. Wọ́n dán laetrile wò lára aláìsàn 178 ní Amẹ́ríkà, èsì rẹ̀ jáde ní 1982: kò wo ẹnikẹ́ni sàn, àmì májèlé cyanide sì hàn lára àwọn kan nínú wọn.

Ó wá ku ìbéèrè yín kejì, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí ẹ lè ṣe pọ̀, ọwọ́ yín gan-an ló sì yẹ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀.

Nínú gbogbo àfikún ìtọ́jú fún ọmọdé, èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ dúró jù ni fífi ọkàn ọmọ lọ síbòmíràn nígbà abẹ́rẹ́, láti orí eré àti orin títí dé hypnosis (fífi ọ̀rọ̀ darí ọkàn ọmọ títí á fi balẹ̀) tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ní Vietnam, wọ́n fi ẹ̀rọ sí etí ọmọ 40 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ọmọ ọdún 7 sí 12, nígbà tí wọ́n ń gún wọn lábẹ́rẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Orin ń dún nínú ti ìdajì wọn, ti ìdajì yòókù dákẹ́. Ìrora àti ìbẹ̀rù àwọn tó gbọ́ orin kéré ju ti àwọn yòókù lọ. Èyí jáde ní 2010. Ohun tó náni kò ju orin lọ.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 tàbí 4 ṣáájú ọjọ́ abẹ́rẹ́, ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́, ní àkókò tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Kí ó yan ibì kan tó mọ̀ tó sì fẹ́ràn. Ẹ má sọ ibẹ̀ fún un. Ẹ bi í: kí lo rí níbẹ̀? Kí ló ń dún? Ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná àbí ó tutù? Ta ló wà níbẹ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ ọ ní mímí: kó fa èémí símú fún òǹkà 3, kó fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ fún òǹkà 5, bí ẹni ń fẹ́ ìfòfó ọṣẹ tí kò fẹ́ kó bẹ́. Bó bá ti mọ èyí, ẹ ní kó wá swíìṣì kan nínú orí rẹ̀ tó so mọ́ ibi tí wọ́n máa gún un, tó ń dín ìrora ibẹ̀ kù. Kí ni àwọ̀ rẹ̀? Kó yí i wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti 10 dé 2. Àwọn ọmọ ọdún 6 mọ eré yìí í ṣe jù wá lọ. Lọ́jọ́ náà, ẹ béèrè ìpara tí kì í jẹ́ kí awọ mọ ìrora kí wọ́n fi sí i, ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 ṣáájú abẹ́rẹ́. Kí ẹ dúró síbi orí rẹ̀, níbi tí ojú yín àti ojú rẹ̀ ti lè ṣe mẹ́rin.

Ẹ ṣọ́ ẹnu yín níbẹ̀ o. “Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ó ti fẹ́ tán” tí à ń wí léraléra máa ń dá kún ìbẹ̀rù ọmọ ni, ìwádìí ti fi èyí hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: bó bá ti gbọ́ ọ, ó mọ̀ pé nǹkan burúkú ń bọ̀. “Kò ní dùn ẹ́” náà burú, torí ó máa dùn ún díẹ̀, kò sì ní gbà yín gbọ́ nígbà mìíràn. “Swíìṣì rẹ wà ní mélòó báyìí?” ló dára jù.

Wíwọ́ ara náà dára fún oorun àti ìbẹ̀rù. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan, ìṣẹ́jú 10 sí 15, òróró tí kò ní lọ́fínńdà, ọwọ́ yín kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìwọ̀n agbára tí ẹ fi ń pa ìpara sára ọmọ ọwọ́ ló tó. Ẹ má fọwọ́ kan ibi tí rọ́bà wà, ibi tó wú, ibi tó gbóná, ibi tó dúdú bíi pé wọ́n lù ú. Vincristine máa ń mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ ta ọmọ, nítorí náà ẹ bi í kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, bó bá sì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ọjọ́ yẹn ti parí nìyẹn.

Bí ẹnu rẹ̀ bá ń ní egbò: ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì kan sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, ìdá mẹ́jọ ṣíbí tíì kan iyọ̀, nínú ife omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kan, bí mìlílítà 240. Kó fi yọ ẹnu, kó tu ú dànù, kó fi omi lásán tẹ̀lé e, ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Ọmọ tí kò bá tíì mọ omi í tu dànù kò gbọdọ̀ lò ó. Oyin ti ran àwọn kan lọ́wọ́ lórí egbò ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí ẹ tó lò ó, ọmọ tí kò bá sì tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án láé. Ní ti èébì, oògùn ondansetron tí wọ́n kọ fún un ni kẹ́ ẹ gbára lé. Atalẹ̀ díẹ̀ nínú oúnjẹ kò burú. Kápúsù rẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀gbà ọrùn ọwọ́ tí wọ́n ń tà fún èébì, wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ líle (kímò), èsì rẹ̀ jáde ní 2018: kò sàn ju ẹ̀gbà ayédèrú lọ.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé “wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀”, ẹ bi í pé ọmọ mélòó ni. Oògùn homeopathy kan tó ń jẹ́ Traumeel dà bí ẹni pé ó ń wo egbò ẹnu sàn nínú ìwádìí kan ní 2001 lára bí ọmọ 30. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lára àwọn tó ju 150 lọ, ní 2012, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣeé gbára lé. Milk thistle ní tirẹ̀, lára ọmọ 50 tí wọ́n ní irú àrùn ọmọ yín, tí wọ́n lò ó fún ọjọ́ 28, fi àmì díẹ̀ hàn pé ẹ̀dọ̀ wọn sàn sí i; ó jáde ní 2010. Ìyẹn ni ewé tí a lè bá dókítà jókòó sọ, torí àwọn kan ti wọ̀n ọ́n lára ọmọ tó ń gba oògùn kan náà. Bí wọ́n bá sì gbà kí ẹ dán nǹkan kan wò, ẹyọ kan ṣoṣo ni kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ mú àmì kan tí ẹ fẹ́ kó yí padà, bí oorun tàbí èébì, kí ọmọ fún un ní òǹkà láti 0 dé 10 lálaalẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí òǹkà náà kò kúrò lójú kan, ẹ jáwọ́.

Wàyí o, ìpè ọ̀la. Kí ẹ tó pè, ẹ lẹ bébà mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ parí, iye tó mu lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́, ó sún mọ́ oògùn alẹ́ tó. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ pé ewé wo ni, gbòǹgbò ni àbí èèpo, omi ni wọ́n fi sè é àbí ọtí. Bí kò bá mọ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò mọ̀. Ẹ wá sọ ọ́ báyìí: “Ó ti mu àgbo kan àti fítámì kan fún ọjọ́ 4. Mo ti dá méjèèjì dúró. Kò pàdánù oògùn alẹ́ kankan. Ìgò méjèèjì wà lọ́wọ́ mi.” Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí ẹ mú un wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti ẹ̀dọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ nípa àgbo náà kí wọ́n tó wo èsì, torí bí èsì ẹ̀dọ̀ bá ga tí wọn kò mọ̀ nípa rẹ̀, mercaptopurine ni wọ́n máa dá lẹ́bi, tí wọ́n á sì dín kù. Bí ẹni tó gbé fóònù bá sì fi ohùn líle dá yín lóhùn, ẹ ní kí wọ́n so yín pọ̀ mọ́ apoògùn ẹ̀ka jẹjẹrẹ. Iṣẹ́ wọn gan-an ni láti wo bí ohun kan ṣe ń bá ohun mìíràn jà nínú ara.

Kí ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ó fẹ́ ṣe nǹkan fún ọmọ ni. Ẹ fún un ní káléńdà ara ògiri kó máa sàmì sí mercaptopurine alaalẹ́, kó sì fi àwọ̀ mìíràn sàmì sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí methotrexate ń bọ́ sí, torí àwọn kan ti ṣèèṣì fún ọmọ lójoojúmọ́ rí, ewu ńlá sì ni. Bí ọmọ bá bì lẹ́yìn tó lo oògùn, kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kọ aago rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì pe ilé ìwòsàn kí ẹ tó fún un ní òmíràn.